Bàbá tó wọ agbádá létí kòtò: ìdáhùn sí ẹni tó ń fi fọ́tò àtijọ́ wá ìran awakùsà

Ẹnìkan tó ń gbé ní Òkèṣà, ní Iléṣà, kọ ìwé yìí sí mi: «Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí à ń palẹ̀ yàrá ìyá bàbá mi mọ́ lẹ́yìn ìsìnkú wọn, a rí fọ́tò kan nínú àpótí aṣọ. Ọkùnrin mẹ́sàn-án ló wà nínú rẹ̀, òkìtì yẹ̀pẹ̀ wà lẹ́yìn wọn, òyìnbó kan sì jókòó sáàárín. Àwọn kan mú ṣọ́bìrì dání, ẹnìkan gbé igbá, aṣọ iṣẹ́ sì ni wọ́n wọ̀. Èyí tó wọ agbádá funfun tó dúró ní ìkangun ni wọ́n sọ pé ó jẹ́ bàbá tó bí ìyá àgbà. Wọ́n fi bírò kọ ọ́ sẹ́yìn fọ́tò náà pé ‹Baba nibi ise goolu, 1938›, òǹtẹ̀ kan tó ti ń parẹ́ sì wà níbẹ̀ tí mo lè rí KURU kà nínú rẹ̀. Awakùsà ni gbogbo ìdílé wa mọ bàbá yìí sí, wọ́n ní Ìtagunmódì ni wọ́n ti wa góòlù. Báwo ni mo ṣe lè ti ara fọ́tò yìí mọ ibi tí wọ́n ṣiṣẹ́ sí, àti àwọn ẹbí tí a lè ní níbẹ̀?»

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè ìyá àgbà. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ̀yìn wọn dára. Kí n tó dáhùn ohun tí ẹ bèèrè gan-an, mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe gbé fọ́tò náà lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń lámínéètì ìwé. Ooru ẹ̀rọ wọn máa ń ba ojú fọ́tò jẹ́, ọ̀rá tí wọ́n bá sì ti lẹ̀ mọ́ ọn kò ṣeé ṣí mọ́ láìfà á ya. Òǹtẹ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, tó ṣe pàtàkì ju bí ẹ ṣe rò lọ, kò ní ṣeé yẹ̀ wò dáadáa mọ́. Inú àpò ìwé funfun lásán ni kí ẹ tọ́jú rẹ̀ sí, kì í ṣe inú ọ̀rá, bí ẹ bá sì ní ohun tí ẹ fẹ́ kọ, ara àpò náà ni kí ẹ kọ ọ́ sí.

Ẹlẹ́rìí mẹ́ta ló wà lórí ìwé kékeré yẹn: àwòrán fúnra rẹ̀, òǹtẹ̀ ayàwòrán, àti ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi bírò kọ. Ọjọ́ kan náà kọ́ ni wọ́n dé orí rẹ̀. Bí àwọn àgbà kì í ti í jẹ́ kí ẹlẹ́rìí kejì gbọ́ ohun tí ti àkọ́kọ́ ń sọ nígbà tí wọ́n bá ń dá ẹjọ́, bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ ṣe gbọ́ tẹnu ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Àṣìṣe tí mo rí jù lọ́wọ́ àwọn tó ń wá ìran wọn nínú fọ́tò ni pé wọn á kọ́kọ́ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn, wọn á wá yí fọ́tò síwájú, ojú wọn kò sì ní rí ju ohun tí wọ́n ti kà lọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí bírò. Ẹni tó kọ «1938» kò kọ ọ́ ní 1938, nítorí lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, láti 1945, ni bírò bẹ̀rẹ̀ sí í tàn káàkiri ọjà ayé, ó sì tún pẹ́ díẹ̀ kí ó tó di ohun tí gbogbo ènìyàn ń mú dání nílẹ̀ wa. Pẹ́ńsùlù, tàbí kálàmù tí wọ́n ń tẹ̀ bọ tàdáwà, ni wọ́n fi ń kọ̀wé kí ó tó dìgbà náà. A jẹ́ pé ìrántí ni ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn fọ́tò yẹn, tàbí ìtàn tí wọ́n sọ fún ẹni tó kọ ọ́. Èyí kò sọ ọ́ di irọ́. Ẹ wá ìwé mìíràn tí ìyá àgbà fọwọ́ ara wọn kọ, bóyá ìwé àkọsílẹ̀ èsúsú tàbí ojú ìwé àkọ́kọ́ Bíbélì wọn, kí ẹ fi ìkọ̀wé méjèèjì wé ara wọn. Bí ó bá jẹ́ ọwọ́ wọn ni, ọ̀rọ̀ tí ọmọ sọ nípa bàbá rẹ̀ ni ẹ ní lọ́wọ́, ó sì níyì. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbà á bí ìwé ẹ̀rí ọjọ́.

Òǹtẹ̀ ni mo fọkàn tán jù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, nítorí kò ní ẹ̀gbẹ́ tí ó ń gbè lẹ́yìn. Ayàwòrán ló tẹ̀ ẹ́ kí oníbàárà lè mọ ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nígbà tí mo rí KURU, ìlú tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni Bukuru. Orí òkè Jos ni Bukuru wà, kò jìnnà sí ìlú Jos, àárín gbùngbùn ibi tí wọ́n ti ń wa tánńganran ni, ìyẹn irin tí wọ́n fi ń bo inú agolo kí ó má baà dípẹtà. Ní 1914 ni ojú irin kékeré tó ti Sáríà wá dé Bukuru, ní 1927 sì ni ojú irin ńlá tó gba Enúgù kọjá dé Jos. Òṣogbo ní tiwa ti ní ojú irin láti 1907. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó bá fẹ́ lọ sí òkè Jos nígbà náà yóò wọ mọ́tò dé Òṣogbo, rélùwéè yóò sì gbé e láti ibẹ̀ lọ. Ọ̀nà yẹn kò ṣòro fún ẹni tó bá ní owó tíkẹ́ẹ̀tì, ọ̀pọ̀ ọmọ Yorùbá ló sì gbà á.

Ṣùgbọ́n ibi tí wọ́n ti fọ fọ́tò ni òǹtẹ̀ ń sọ, kì í ṣe ibi tí àwọn ènìyàn dúró sí. Àwọn ayàwòrán a máa gbé àpótí wọn rìn láti ìlú dé ìlú. Nítorí náà ẹ tún gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ìdílé yín ń lò. «Awakùsà» ni ẹ pe bàbá. Kuza ni àwọn Haúsá ń pe tánńganran, kùsà tiwa sì jọ ọ́ púpọ̀. Lóde òní, gbogbo ohun àlùmọ́nì inú ilẹ̀, góòlù, èédú àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ, ni à ń pè ní kùsà, àmọ́ lẹ́nu àgbàlagbà tó ti gbé Òkè Ọya rí, «ó lọ sí kùsà» lè jẹ́ ibì kan pàtó. Ẹ bi àwọn àbúrò ìyá àgbà léèrè ọ̀rọ̀ náà gan-an bí wọ́n ṣe máa ń sọ ọ́. Ṣé «bàbá wa góòlù» ni wọ́n ń sọ ni, tàbí «bàbá wà ní kùsà»? Ìyàtọ̀ tó wà láàárín gbólóhùn méjèèjì lè tó ìrìn ọjọ́ méjì nínú ọkọ̀ ojú irin.

Ó wá ku àwòrán fúnra rẹ̀. Igbá tí ẹ rí kò lè dá ẹjọ́ yìí, nítorí góòlù àti tánńganran jọ wúwo ju iyanrìn lọ, ọ̀nà kan náà sì ni àwọn tó ń fi ọwọ́ wá wọn ń gbà: wọn á gbẹ́ ilẹ̀ dé ibi òkúta wẹ́wẹ́, wọn á bù ú sínú igbá, wọn á fi omi fọ̀ ọ́ ní yíyípo títí iyanrìn yóò fi ṣàn lọ tí èyí tó wúwo yóò ṣẹ́kù sísàlẹ̀. Òkìtì yẹ̀pẹ̀ àti ṣọ́bìrì náà kò lè dá a. Ohun tó lè dá a wà lẹ́yìn àwọn ènìyàn náà, níbi tí ẹnikẹ́ni nínú ìdílé yín kò tíì wò. Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà ni Ìtagunmódì wà, ilẹ̀ igbó ni. Ọ̀pẹ, kòkó tàbí igi ńláńlá yóò yọjú lókè òkìtì náà níbì kan. Ilẹ̀ òkè Jos ní tirẹ̀ tẹ́jú, koríko ló bò ó, àpáta sì ń yọ gọngọ káàkiri. Ẹ wo ìlà tí ojú ọ̀run ti pàdé ilẹ̀, láti etí ọ̀tún dé etí òsì. Bí ẹ bá rí imọ̀ ọ̀pẹ kan ṣoṣo, èrò mi nípa Bukuru yóò dínkù gan-an.

Ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀ lórí agbádá funfun, nítorí òun ló mú mi kọ ìdáhùn tó gùn tó báyìí. Ẹnikẹ́ni kì í wọ agbádá funfun wọ kòtò. Lóòótọ́, ènìyàn a máa múra de ayàwòrán, ṣùgbọ́n àwọn mẹ́jọ tó kù kò múra: aṣọ iṣẹ́ ni wọ́n wọ̀, gẹ́gẹ́ bí ẹ ṣe ṣàpèjúwe wọn. Bàbá yín lè jẹ́ akọ̀wé, ògbufọ̀, tàbí ọ̀gá tó ń darí àwọn òṣìṣẹ́. Ó sì lè jẹ́ òṣómàálò. Gbogbo ọmọ Ìjẹ̀ṣà ló mọ̀ wọ́n: àwọn oníṣòwò wa tí wọ́n ń gbé aṣọ kiri ìlú onílùú, tí wọ́n ń tà á ní àwìn, tí wọ́n á sì padà wá lóṣòó síwájú ilé ẹni tó jẹ wọ́n títí yóò fi sanwó. Ibi tí wọ́n bá ti ń gba owó oṣù, tí ìyàwó àti ẹbí jìnnà, tí ènìyàn sì nílò aṣọ, oko òṣómàálò nìyẹn. Ibùdó awakùsà dùn ún ṣòwò bẹ́ẹ̀ ju ọ̀pọ̀ ìlú lọ. Bí àwọn ọmọ ilé bá ń gbọ́ pé bàbá wà ní kùsà, wọ́n lè gbà pé kùsà ni ó ń wà, nígbà tó jẹ́ pé aṣọ ni ó ń tà fún àwọn tó ń wà á.

Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré, nítorí òun ni yóò sọ ibi tí ẹ ó ti wá a. Bí ó bá jẹ́ akọ̀wé tàbí ọ̀gá òṣìṣẹ́, orúkọ rẹ̀ lè wà nínú ìwé ilé iṣẹ́. Bí ó bá jẹ́ òṣómàálò, kò ní sí nínú ìwé owó oṣù kankan, ẹ sì lè fi ọ̀pọ̀ ọdún wá a níbi tí kò sí. Àárín àwọn oníṣòwò ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni ẹ ó ti rí i: nínú ìwé owó ẹgbẹ́ ọmọ Ìjẹ̀ṣà tó wà níbẹ̀, nínú ìwé ìrìbọmi ìjọ tí àwọn Yorùbá ń lọ, àti lẹ́nu àwọn ọmọ tí wọ́n bí sí ibẹ̀. Ẹ wo ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú fọ́tò, bóyá ó wọ bàtà. Ẹ wo bóyá ìwé, kọ́kọ́rọ́ tàbí ọ̀pá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wo bí ó ṣe jìnnà sí òyìnbó tó jókòó. Ọ̀gá òṣìṣẹ́ sábà máa ń sún mọ́ òyìnbó náà. Ẹni tó wà ní ìkangun lè jẹ́ àlejò tí wọ́n pè pé kó wá bá wọn yà á.

Ẹ̀yin lè máa wò ó pé mo ti fẹ́ gba góòlù lọ́wọ́ ìdílé yín. Rárá o. Ìtàn méjèèjì lè jẹ́ òótọ́. Nígbà tí ọrọ̀ ajé ayé dẹnu kọlẹ̀ láti 1929, iye tí wọ́n ń ra tánńganran já wálẹ̀ gidigidi, àwọn orílẹ̀-èdè tó ń wà á, tí Nàìjíríà jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, sì fọwọ́ sí àdéhùn ní 1931 láti dín iye tí wọ́n ń wà kù. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ òkè Jos pàdánù iṣẹ́ wọn. Láàárín àkókò kan náà ni owó góòlù ń gòkè: ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì já owó wọn kúrò lára góòlù ní 1931, ìjọba Amẹ́ríkà sì gbé owó ìwọ̀n áúnsì kan dé dọ́là 35 ní 1934. Àkókò yẹn gan-an ni góòlù wíwà gbilẹ̀ jù ní Nàìjíríà, láti nǹkan bí 1933 dé 1943. Ọkùnrin tó mọ bí wọ́n ṣe ń fi igbá fọ tánńganran lè padà sílé wá fọ góòlù. Oníṣòwò tó ń bá awakùsà rìn lè bá wọn ṣí lọ. Bàbá yín lè ya fọ́tò sí Bukuru kí wọ́n sì tún ti ṣiṣẹ́ ní Ìtagunmódì, kí ọmọ wọn wá pa ìrántí méjèèjì pọ̀ sínú gbólóhùn kan lẹ́yìn ọdún púpọ̀. Iṣẹ́ yín ni láti tú u.

Ẹ ṣe ẹ̀dà fọ́tò náà kí ẹ tó máa gbé e kiri. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ní ẹ̀rọ sikánà tó dára, kí wọ́n gbé ìwọ̀n rẹ̀ dé 600 dpi, ó kéré tán, iwájú àti ẹ̀yìn. Bí ẹ bá fọwọ́ kan ìwé rẹ̀ tí ó dà bí ọ̀rá ju bébà lọ, a jẹ́ pé ẹ̀dà tí wọ́n tún tẹ̀ ní nǹkan bí ọdún 1970 tàbí lẹ́yìn náà ni, òǹtẹ̀ náà yóò sì jẹ́ ti ẹni tó tún un tẹ̀. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa Bukuru yóò yí padà. Bí ó bá jẹ́ bébà gidi, tí ibi tó dúdú níbẹ̀ ń dán bíi fàdákà létí, ó ṣeé ṣe kí ó ti pẹ́ dáadáa. Ẹ má sì jẹ́ kí àwọn ọmọ fi i sínú áàpù tó ń tún fọ́tò ṣe tàbí tó ń kun ún ní àwọ̀. Àwọn áàpù wọ̀nyí máa ń dá ojú tuntun sílẹ̀ níbi tí fọ́tò bá ti ṣú. Mo ti rí èyí tó pa ilà ojú bàbá kan rẹ́ pátápátá, bẹ́ẹ̀ pélé ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ni ìdílé náà ń wá. Ẹ kàn mú kí fọ́tò náà tóbi, kí ẹ wo ilà àwọn mẹ́sẹ̀ẹ̀sán lọ́kọ̀ọ̀kan. Bí púpọ̀ nínú wọn bá ní ilà tí kì í ṣe ti Yorùbá, èyí náà ń tọ́ka sí òkè Jos.

Lẹ́yìn èyí ni kí ẹ tó lọ bá àwọn àgbà, mo sì fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ níbí ju ibi gbogbo lọ. Ẹ tẹ iwájú fọ́tò nìkan sórí ìwé ńlá, ẹ má ṣe mú ẹ̀yìn rẹ̀ dání, ẹ má sì sọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ti lé ní ẹni ọdún 85 lónìí lè má tíì bí ní 1938, tàbí kí ó jẹ́ ọmọ ọwọ́. Nígbà tí àwọn ènìyàn inú fọ́tò ti darúgbó ni ó mọ̀ wọ́n. Nítorí náà ẹ má ṣe bi í pé «ṣé bàbá nìyí?», nítorí àgbà tó fẹ́ràn yín yóò dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni kí inú yín lè dùn. Ẹ bi í pé: «Ta ni ẹ mọ̀ nínú wọn?» Kí ẹ sì dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wo etí, ìdúró, ọwọ́ tí kò nà tán; etí ènìyàn kì í fi bẹ́ẹ̀ yí padà bí ojú ṣe ń yí. Bí àgbà méjì tí kò gbọ́ ọ̀rọ̀ ara wọn bá tọ́ka sí ọkùnrin kan náà, ẹ ti rí nǹkan gidi. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn obìnrin, àwọn ọmọbìnrin ilé tó ti lọ sílé ọkọ pàápàá, torí wọ́n máa ń rántí ẹni tó mú aṣọ wá láti ìrìn àjò àti ọdún tó mú un wá. Bí ọdún bá sì ń ṣòro fún wọn láti sọ, ẹ bèèrè Ọwá tó wà lórí ìtẹ́. Ọwá Aromọláràn àkọ́kọ́ jọba láti 1920 dé 1942, Ọwá Ajímọ̀kọ́ Kejì sì tẹ̀ lé wọn títí di 1956. «Ìgbà Ọwá wo ni bàbá padà dé?» jẹ́ ìbéèrè tí àgbà Iléṣà lè dáhùn láìrònú. Bí ẹnìkan bá sọ pé ìgbà ogun ni, ẹ rántí pé lẹ́yìn tí àwọn ará Japan gba ilẹ̀ Màláyà ní 1942, ìjọba amúnisìn fi tipátipá kó ọ̀pọ̀ ènìyàn láti àwọn ẹkùn Òkè Ọya lọ wa tánńganran lórí òkè Jos; bàbá lè ti wà níbẹ̀ kí ogun tó dé, tàbí kí ó jẹ́ pé ogun ló lé e wálé.

Ẹ tún wá àwọn ìwé ètò ìsìnkú àti kàlẹ́ńdà olóògbé tó wà lára ògiri ilé àwọn ẹbí, àti àlímánáàkì àwọn ẹgbẹ́ àtijọ́. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni wọ́n kọ ìtàn ìgbésí ayé wọn sí ojú ìwé kejì ìwé ìsìnkú, tí ìlú tí wọ́n gbé sì wà níbẹ̀. Fún ìwé ìjọ, ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìjọ tí ìyá àgbà ti ṣe ìrìbọmi. Ní Iléṣà, Mẹ́tọ́díìsì Ọ̀tàpẹ́tẹ́ àti Holy Trinity Ọmọfẹ̀ wà nínú àwọn tó ti pẹ́. Bí ó bá jẹ́ pé òkè Jos ni wọ́n ti ṣe ìrìbọmi fún wọn, ìbéèrè yín fẹ́rẹ̀ẹ́ tán nìyẹn.

Fún ìwé ìjọba, ọ̀nà méjì ló wà. Ìwé ẹkùn Iléṣà wà ní National Archives nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, ti ẹkùn Plateau sì wà ní ẹ̀ka rẹ̀ ní Kàdúná. Òfin ìjọba amúnisìn ti sọ ohun àlùmọ́nì di ti ìjọba, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ wà á gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ, ìwé àṣẹ sì ń bí fáìlì. Nígbà tí ẹ bá ń wá orúkọ, ẹ má ṣe wá orúkọ ìdílé yín nìkan. Àwọn akọ̀wé ní Òkè Ọya sábà máa ń fi orúkọ ìlú ẹni pè é, tí ẹni tó ń jẹ́ Joseph yóò di «Joseph Ilesha» nínú ìwé, tí ìdílé rẹ̀ kò sì ní mọ̀ pé òun ni. Ẹ lo sípẹ́lì àtijọ́: Ilesha, Ijesha, Oshogbo.

Bí ẹ bá fẹ́ lọ sí Ìtagunmódì fúnra yín, ẹ má ṣe fi falẹ̀. Láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn ni àwọn tó ń wá góòlù ti padà dé ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, wọ́n ń tú kòtò àtijọ́, odò sì ń rú. Ibi tí bàbá yín lè ti dúró kò ní pẹ́ tó fi máa yàtọ̀ sí bí ó ṣe wà. Ẹ mú ẹ̀dà fọ́tò náà dání, kí ẹ mú ẹnìkan tó mọ ìlú náà sìn yín, kí ẹ sì wo bí òkè àti odò ibẹ̀ ṣe bá ẹ̀yìn fọ́tò mu sí.

Ní báyìí, ẹ bá mi ṣe ohun kan. Ẹ gbé fọ́tò náà sójú fèrèsé ní alẹ́, kí ẹ pa iná yàrá, kí ẹ tan iná fóònù láti ẹ̀gbẹ́, ní ìdọ̀bálẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ rọra gba orí òǹtẹ̀ náà kọjá. Ibi tí tàdáwà ti parẹ́, ọgbẹ́ tí rọ́bà òǹtẹ̀ fi sínú bébà lè ṣì wà. Ẹ yà á, kí ẹ fi ránṣẹ́ sí mi, kí a jọ ka iye lẹ́tà tó wà níwájú KURU.